Ehín Ẹja Odò Taboca

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1997, Ivanilde, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kú nínú ilé mi ní Barcelos, ìlú wa ní etí odò Rio Negro. Ibà ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọjọ́ kejì la sin ín, nítorí ooru ọ̀dọ̀ wa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, Zulmira, la tẹ́ ẹ sí. Ìyẹn ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́sàn-án.

Apẹja ni mí, Adalgiso lorúkọ mi. Ẹja tí mo ń pa kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Piaba là ń pè wọ́n. Inú omi dúdú Rio Negro ni wọ́n ń gbé, láàárín gbòǹgbò igi nígbà tí omi bá bo igbó. Àwọ̀n ọlọ́wọ́ la fi ń gbọ́n wọn sínú abọ́ ike, ọkọ̀ ojú omi á kó wọn lọ sí Manaus, ọkọ̀ òfurufú á sì kó wọn láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹja sínú àpótí dígí wò. Kadinali ni àwọn oníbàárà fẹ́ jù, èyí tí ìlà pupa rẹ̀ lọ láti orí dé ìrù. Èmi àti Ocimar la jọ ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun náà ni bàbá ìsàmì Ivanilde, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ara wa ní kompade. Mo ti parí ilé ìwé girama lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà kí n tó wọ inú ọkọ̀. Ìwé náà kò wúlò fún àwọ̀n, àmọ́ òun ló jẹ́ kí n rán ọmọ mi lọ sí yunifásítì ní Manaus.

Ẹja ló lọ kọ́. Ocimar fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún méje. Ó ní ọmọ apẹja lọ sí ìlú ńlá lọ kọ́ ẹja, àfi bí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó lọ sí ìlú ńlá lọ kọ́ bí iná ṣe ń jó. Ivanilde kì í bínú. Tó bá wálé ní ìsinmi, á tẹ́ piaba sórí àwo funfun lórí tábìlì wa, á gbé awò ojú kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wọ̀, á sì máa kà. Ó máa ń ka ìpẹ́, ó máa ń ka egungun lẹbẹ abẹ́ ikùn, ó máa ń ka ehín.

Ó fi ohun tí n kò rí rí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n hàn mí. Lẹbẹ kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ẹja náà, nítòsí ìrù, ọ̀rá lásán ni, kò ní egungun. Ehín àgbọ̀n òkè wọn jẹ́ ìlà méjì, orí ehín kọ̀ọ̀kan sì ní ṣóńṣó bíi ti ayùn. Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́rin ló so àpò afẹ́fẹ́ inú wọn mọ́ etí wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ àjẹ̀ wa kí a tó dé. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé òjìji wa ni wọ́n ń rí.

Ó ní ẹbí wọn tóbi bíi ti tálákà. Ẹja kékeré èyíkéyìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò bá mọ bàbá rẹ̀, inú ẹbí yẹn ni wọ́n ń jù ú sí. Ó ní àwọn ìbátan wọn wà nínú odò ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìgbà tí ilẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀kan, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ṣì ń jà lórí bóyá kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní ọ̀wọ́ kan tiẹ̀ wà nínú ìwé wọn tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àwọn tí a kò mọ ibi tí a ó fi wọ́n sí.

Ocimar bi í pé ṣé ehín ẹja ni wọ́n rán an lọ kà. Ó ya ẹnu sílẹ̀. "Tèmi ò ju mẹ́fà lọ mọ́. Wá kà á kó tó tán."

Ivanilde yọjú wò ó. "Bàbá ìsàmì, ọ̀wọ́ tí a kò mọ ibi tí a ó fi wọ́n sí lẹ̀yin wà."

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé mi nìyẹn, oṣù Keje ọdún tí Ivanilde kú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, bí a ṣe ń jẹun, mo mẹ́nu ba ẹja kan tí bàbá mi máa ń pè ní abẹ́wé. Inú odò Taboca nìkan ni mo ti ń rí i, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ sí ìlú tí èèyàn bá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Kò lẹ́wà. Àmì pupa kan bí hóró ata ló wà nídìí ìrù rẹ̀, ìyókù ara rẹ̀ dà bí omi tíì. Kò sí ẹni tó ń rà á, torí náà à ń dà á nù. Mo kàn ń sọ ọ́ ni, pé tí a bá ti àwọ̀n síwájú, kadinali á sá lọ níwájú rẹ̀, àmọ́ abẹ́wé á wọ abẹ́ ewé tó rà sísàlẹ̀ omi, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ivanilde gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹja yẹn nínú ìgò kan ní Manaus. Sípíríìtì ti fọ àmì pupa rẹ̀ nù, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ọmọ piaba mìíràn ni, tí kò tíì dàgbà.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí èyí tó ní ẹyin nínú rí?"

Mo ní mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ní àkókò tí omi bá ń kún.

Ó ní, "Ọmọdé kì í lóyún. Nígbà náà, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yà tirẹ̀ ni."

A lọ sí Taboca lọ́sẹ̀ kejì, ó mú márùn-ún. Ó gbé wọn lọ sí Manaus, ó gé wọn, ó yọ egungun wọn láti wò wọ́n. Ehín ló fi ẹja náà hàn. Ìlà iwájú nínú àgbọ̀n òkè rẹ̀ kò ní ju ehín méjì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ṣóńṣó méje. Kò sí piaba mìíràn tí wọ́n mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cordélia, tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, wò ó, ó sì gbà. Àmọ́ ó ní ẹja tí a ti gé sí wẹ́wẹ́ kò lè ru orúkọ. Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé kí a kó odidi ẹja jọ, akọ àti abo, láti inú omi kan náà. A ó yan ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ á dúró lé lórí títí láé, àwọn ìyókù á ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Títí wọn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹja náà kò tíì sí.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi padà wá ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò ní Taboca. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo padà sídìí iṣẹ́, nítorí àkókò kadinali ni. Omi ti fà gan-an, ẹ̀fọn pọ̀ nínú àwọn kòtò tó kù. Ọkọ̀ Ocimar ló gbé e dé, ó ń gbọ̀n, aṣọ mẹ́ta wà lára rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó gbé ìgò ńlá kan dání. Ẹja mẹ́tàlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Fọ́málínì tó yẹ kó kọ́kọ́ fi mú ara wọn le ti dànù nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹta, torí náà inú sípíríìtì ló kó wọn sí tààrà.

Oògùn dé. Ibà náà kò gbọ́ oògùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó sì pè mí.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cordélia á wá gbà wọ́n."

Mo ní wọn kò ní gbẹ. Ó ní orúkọ ìyá òun lòun máa fún ẹja náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe orúkọ tirẹ̀, ó ní ìtìjú ni láàárín wọn kí ènìyàn fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹja. Kò tún sọ ohun tó yé mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́tà Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ní oṣù Kọkànlá. Ó ní òun á parí iṣẹ́ náà. Ó ní orúkọ Ivanilde fúnra rẹ̀ ni ẹja náà á máa jẹ́, nítorí ẹlòmíràn ló máa sọ ẹja náà lórúkọ. Ó ní bí a bá ti tẹ orúkọ bẹ́ẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ mọ́. Bí ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ dìde lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tó sọ pé àṣìṣe ni, orúkọ náà á ṣì wà nínú ìwé.

Ìdúró ni mo fi ka lẹ́tà náà. Mi ò ní ọmọ-ọmọ. Orúkọ ilé wa á parí lórí mi. Láti ọjọ́ yẹn, ìgò ẹja tí mo gbé sórí pẹpẹ ni mò ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀, ojú kò sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kejìlá ló ní òun ń bọ̀. Oṣù Kejìlá kọjá. Òjò kọ̀, omi fà títí ọkọ̀ ńlá kò fi lè gòkè dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù Kìn-ín-ní náà kọjá. Òrùlé páànù ni ilé mi, ìdérí ìgò náà kò sì há dáadáa. Bí sípíríìtì bá ti lọ sílẹ̀, mo máa ń rà á nílé ìtajà oògùn, mo máa ń fi kún un. Nígbà tó yá, tiwọn náà tán. Ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan ní ìparí oṣù Kejì, ọ̀gá ọkọ̀ kan jíṣẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà lójú omi, pé ọjọ́ Ẹtì ló máa dé.

Ẹni tó bá dàgbà ní etí odò yìí kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Òórùn ẹja lára ẹja jẹ́ ẹ̀gàn. Ìyá tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ láti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. A kì í gbé ẹja tó ń rùn síwájú àlejò, ká má tiẹ̀ sọ ti àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí òkú ọmọ ẹni. Ocimar wọlé, ó dí imú. Ó ní, "Kompade, bí obìnrin yẹn bá gbóòórùn èyí, á ní a kì í ṣe ènìyàn." Ó lọ ká ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́kànlá wá láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

A fún un sínú abọ́ funfun kan, a fi iyọ̀ sí i. Inú rẹ̀ la kó àwọn ẹja náà sí láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́tàlélógójì, mo fọ̀ wọ́n. Ẹnu wọn ni ìdọ̀tí pọ̀ sí jù, torí náà mo fi àtàǹpàkò ra ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ́. Ocimar gbé ìgò ọtí ìrèké kan wá, èyí tó dára jù, tó ti ń tọ́jú de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. A kó wọn sínú ìgò tuntun, a da ọtí náà lé wọn lórí. Wọ́n funfun, wọ́n mọ́. Mo gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé Ivanilde á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Cordélia dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin tó tó ẹni ọgọ́ta ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí n mú òun lọ síbi sàréè. Ó jẹ gààrí àti ẹja tí mo sè, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú mú ẹja kan jáde. Ẹja náà tẹ̀ lórí ẹ̀mú bí òwú tó ti rẹ. Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó ya ẹnu ẹja náà, ó wò ó. Ó mú òmíràn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mò ń kà wọ́n bó ṣe ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun. Ìgbà tó dé orí mẹ́tàlélógójì, oòrùn ti ń wọ̀.

"Bàbá Ivanilde, ta ló fọ̀ wọ́n?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi fọ̀ wọ́n?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nu ún fún ìgbà pípẹ́.

"Ọsàn máa ń jẹ egungun, sà. Àwọn ehín yìí kéré ju ẹyin iná orí lọ. Wọ́n ti lọ."

Mo bi í pé ṣé gbogbo wọn. Ó ní gbogbo wọn.

Ocimar, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ní ẹja náà ti kú, kí ló tún fẹ́ fi ehín jẹ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá mi wí. Ó ní òun ló pẹ́, pé òun ì bá ti wá ní oṣù Kọkànlá kí omi tó fà tán. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù kó bú mi.

Ọjọ́ kejì la gbéra lọ sí Taboca, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ la fi rin ìdajì ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Iná ti wọ inú igbó lọ́dún yẹn. Ó ti gba abẹ́ ilẹ̀, nínú gbòǹgbò àti ewé tó ti rà láti ìgbà àwọn bàbá wa, ó sì jó o láti ìsàlẹ̀. Àwọn igi náà ṣì dúró, àmọ́ tí èèyàn bá fọwọ́ tì wọ́n, wọ́n á ṣubú. Ìsàlẹ̀ odò tí abẹ́wé máa ń sùn sí kò sí mọ́. Kòtò omi mẹ́ta ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọjọ́ méjì gbọ́n wọn, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bíi tiwa. Kadinali díẹ̀ ló rí, àti àwọn piaba mìíràn tó ti lórúkọ.

Kó tó wọkọ̀, ó gbé ìgò fọ́málínì kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní tí mo bá rí mẹ́wàá, kí n kọ̀wé sí òun, pé kí n má fọ̀ wọ́n.

Omi padà ní oṣù Karùn-ún. Kadinali náà padà, àmọ́ ó di ọdún kejì. Mo lọ sí Taboca ní ọdọọdún fún ọdún mẹ́fà, mo sì wá inú odò mọ́kànlá mìíràn tó wà yí i ká. Mo máa ń ti àwọ̀n síwájú, màá dúró, màá wá wo abẹ́ ewé. Ocimar bá mi lọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní ọdún kẹta, ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Kompade, ẹja tí kò lórúkọ là ń wá. Ta la máa bi?"

N kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà mo bá a sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Àmọ́ n kò bi í rí bóyá òun náà máa ń rántí ọsàn mọ́kànlá yẹn, òun náà kò sì sọ fún mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ ní ọdún 2001, ìwé nípa gbogbo piaba agbègbè wa. Àádọ́rùn-ún ẹ̀yà ó lé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ehín wọn. Ní ojú ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ìlà kan sọ pé ẹja kan láti odò Taboca kò sí nínú ìwé náà nítorí pé kò sí àpẹẹrẹ rẹ̀ tó péye. Ní ìparí, níbi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́, orúkọ ọmọ mi wà láàárín ti ẹni tó wa ọkọ̀ àti ti ẹni tó ya máàpù. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àlùfáà kọ́ mi pé kí ènìyàn máa dúpẹ́ ohun kékeré. N kò lè ṣe é.

Mo kó ẹrù inú yàrá rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí.

Aṣọ mẹ́rin, ìkan ya léjìká.

Ibùsùn àsorọ̀, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n hun ní Novo Airão.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta kún. Ìyókù ṣófo.

Àwòrán ehín kan tó fi lẹ́ẹ̀dì yà, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ṣóńṣó méje.

Rúlà onírin. Ẹ̀mú méjì, ọ̀kan ti dípẹtà.

Ìgò ẹja mẹ́tàlélógójì, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́.

Bàtà rọ́bà, ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Manaus tí n kò mọ̀ pé ó wà. N kò kà á ju ìlà àkọ́kọ́ lọ.

Ìwé méjì láti ilé ìkàwé yunifásítì, tó yẹ kó dá padà ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 1997. Mo ti dá ọ̀kan padà.